Ẹ̀kán Kànáfùrù Méje

"Ẹ̀kán méje," ni adágún ẹja bàbá mi wí.

Mẹ́ta ló yẹ kó jẹ́. Ojú mi ni Akínlàjà ń wò nígbà tó ń kán òróró kànáfùrù fún ẹja tí àrùn ń hù bí òwú lára wọn. Gbogbo igba ẹja ti yíkùn sókè.

"Bí ẹyọ kan bá kú, bàbá ẹ ò ní jẹ́ kí n fẹ́ ẹ mọ́."

Òfin ilé wa ni pé kí àfẹ́sọ́nà tọ́jú ẹja àna rẹ̀ fóṣù mẹ́ta. Òní ló pé.

"Wọn ò tíì kú, òróró tó pọ̀ jù ló kùn wọ́n lóorun," mo ní. "Bu omi tuntun sí i."

Bó ti ń bu omi sí i, adágún ń ka àwọn tó ń jí. Bàtà bàbá mi ti ń dún bọ̀.

"Ọ̀kàndínnígba," ni adágún wí, kíkà sì dúró síbẹ̀.

Akínlàjà rọra ń mi èyí tó kù lábẹ́ omi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta, kò wojú mi.