Ògiri Tó Ń Sán ní Life Camp

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Àlájà Mùfúlíátù pe Àbdùlsàmàd ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Jahi lórí fóònù, ó ní ògiri pálọ̀ òun ti lanu. Iṣẹ́ Àbdùlsàmàd ni láti máa fi kọ̀ǹpútà wo ibi tí agbára ògiri mọ. Kò béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wa mọ́tò lọ sí Life Camp, níbi tí ìyá rẹ̀ ń dá gbé, tí òun ò sì tíì dé láti oṣù mẹ́rin.

Ojú ibi tó sán náà tẹ́ẹ́rẹ́, kò gùn ju apá lọ. Ó wọ̀n ọ́n, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ògiri náà sínú kọ̀ǹpútà ní búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, bí bàbá rẹ̀ tó jẹ́ bíríkìlà ṣe tò ó nígbà ayé rẹ̀. Ó gbé òrùlé lé e. Ó rọ òjò sí i. Ó fi ìjì lù ú.

Àlájà gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá.

“Kí ni ẹ̀rọ yẹn wí?”

“Iṣẹ́ ṣì pọ̀ níbẹ̀, Ìyá mi. Màá tún wá wò ó ní Sátidé tó ń bọ̀.”

“Kò burú. Má kánjú.”

Ní Sátidé kejì, ibi tó sán ti fi ìka méjì gùn sí i. Ní ẹ̀kẹta, ó ti yà sápá ọ̀tún. Ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ gbé Àbdùlsàmàd lọ sí Kàdúná, òmíràn yọ ní yàrá. Tó bá ti wọn gbogbo rẹ̀ tán, òun àti ìyá rẹ̀ á ta ayò títí di ìrọ̀lẹ́. Àlájà kì í jẹ́ kó jẹ ẹyọ kan.

Khàdíjàt ìyàwó rẹ̀ ò fara mọ́ ọn.

“Ẹ jẹ́ kí Màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ wa, kí ilé má baà wó lù wọ́n.”

Àlájà ní ilé tí ọkọ òun fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ò ní pa òun.

Nígbà tó di oṣù kejì, Tọ́pẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì dá sí i.

“Òjò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀gá. Bíríkìlà wo lẹ ń dúró dè?”

Àbdùlsàmàd rẹ́rìn-ín, ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ rẹ̀ kó lè ka èsì tó ti jáde láti Sátidé àkọ́kọ́: kò sí òjò, kò sí ìjì, kò sí ẹrù tó lè sán ògiri náà bẹ́ẹ̀, àfi kí ẹnì kan máa fi ọ̀bẹ họ ọ́.