Bàbá Inú Fúrémù

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ọ̀kà ni Màmá Zipporah gbé àwòrán náà kọ́ sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ló bá a nísàlẹ̀ àpótí tí òyìnbó ajíhìnrere fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sí Ìkàrẹ́. Wọ́n gbà pé ajíhìnrere náà gan-an ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó dá ìjọ Ọ̀kà sílẹ̀ kó tó dé Ìkàrẹ́. Òyìnbó onírùngbọ̀n ni, aṣọ funfun báláú lọ́rùn rẹ̀, ọ̀pá pẹlẹbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Màmá á ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fáwọn ọmọdé láì fi ọ̀kan pe méjì.

"Ọ̀pá yẹn ló fi ń lu ejò pa. Ohun tó wé mọ́ ojúgun rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí wọ́n bù ú ṣán. Igi mẹ́ta tó rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́?"

"Baba, Ọmọ, àti Ẹ̀mí Mímọ́!"

Godwin, alàgbà ìjọ Ìkàrẹ́, ò gbà. "Màmá, ìjọ tiwa ni àkọ́kọ́. Òyìnbó kàlẹ́ńdà lásán lẹ kọ́ síbẹ̀ yẹn."

Ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù. Ó ní bí kò bá sẹ́ni tó dá ọkùnrin náà mọ̀ títí di ọjọ́ ìkórè, kí Ọ̀kà sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí Ìkàrẹ́ máa jẹ́ àkọ́kọ́ lọ. Ìran Màmá ni wọ́n fẹ́ sọ di òpùrọ́.

Lọ́jọ́ ìkórè, Godwin wá láti Ìkàrẹ́ wá wo bí wọn yóò ṣe sọ àwòrán náà kalẹ̀. Ìtùnú ọmọ-ọmọ Màmá mú olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì wá kí wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin òyìnbó ará Ọsirélíà kan tó ń jẹ́ Elizabeth. Kò tíì jókòó tí ojú rẹ̀ fi bá fúrémù. Ó pariwo, ó pàtẹ́wọ́, ó sáré lọ síwájú.

"Kí ló wí?" Màmá bèèrè.

Ìtùnú túmọ̀ rẹ̀: "Ó lóun mọ̀ ọ́n, Màmá. Ó ní kò sọ́mọdé ìlú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n."

Ṣọ́ọ̀ṣì dàrú. Àwọn ìyá tú gèlè, wọ́n ń jù ú sókè. Akọrin ò dúró de dùùrù. Màmá, tí eékún ti ń yọ lẹ́nu láti èṣí, jó yí Godwin po. "Òtítọ́ kì í ṣìnà," ló ń kọ, "irọ́ ní ń forí gbọgbẹ́." Alàgbà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì.

"Màmá, ẹ forí jì mí. Ọ̀kà ni àkọ́kọ́."

Inú Màmá dùn débi pé ó fà á dìde, ó so gèlè tirẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Ó wá fa Ìtùnú mọ́ra. "Olùkọ́ yín ṣì ń sọ̀rọ̀. Kí ló tún ń wí nípa ajíhìnrere wa?"

Ìtùnú wo Godwin, ó wo ìyá rẹ̀ àgbà, ó sì sọ ọ́ sí i létí.

"Ó ní eléré kíríkẹ́ẹ̀tì ayé Ayaba Fitóríà ni, Màmá, ọ̀pá yẹn ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù, igi mẹ́ta yẹn ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣọ́ kí bọ́ọ̀lù má wó wọn, kò sì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà títí tó fi kú."