Ẹni Tó Ń Jẹ́ Òwìwí

Ìbọn ń dún lápá ọjà, ní ìlú kan lẹ́bàá ààlà Mẹ́síkò.

Griselda ti ń tẹ fóònù. Òwìwí lorúkọ tó ń jẹ́ lórí ìkànnì. Kò sẹ́ni tó mọ ojú ẹ̀.

"Ẹ má gba ọ̀nà afárá o! Wọ́n ti dáná sun bọ́ọ̀sì níbẹ̀."

Ìyá kan fèsì kíá: "Òwìwí, ọmọ mi wà nílé ìwé tó wà lẹ́yìn afárá. Ṣé kí n lọ mú un?"

"Ẹ má lọ o, ìyá. Àwọn tíṣà ti ti gbogbo ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ wà láàbò."

"Ọlọ́run á bù kún yín! Ìwé ìròyìn ìlú wa ńkọ́? Wọn ò sọ nǹkan kan."

Griselda pòṣé.

"Àwọn ojo yẹn? Bí iná ń jó irùngbọ̀n wọn, wọ́n á ní oòrùn ló mú. Fèrèsé ni kẹ́ ẹ máa fi ìwé wọn nù."

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ó yára fi fóònù pamọ́.

Evaristo yọjú. "Ọ̀gá, àwọn tó ń tẹ̀wé ń dúró. Kí la máa gbé sójú ìwé àkọ́kọ́ lọ́la?"

"Ọmọge tó gba adé ẹwà yẹn. Jẹ́ kí adé ẹ̀ hàn dáadáa."

Ìbọn tún dún. Fèrèsé mì jìgìjìgì.

"Ìbọn yìí ńkọ́, ọ̀gá?"

"Ìbọn wo?" ni olóòtú ìwé ìròyìn ìlú bi í.