Ọ̀gá Olójú-Àṣẹ àti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìwà Ẹranko

Dúró ná, ìwọ tó ń ka ìwé yìí! Ohun yòówù tó wà lọ́wọ́ rẹ, gbé e sílẹ̀, kí o fetí sílẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó fẹ́ràn àpọ́nlé ju òtítọ́ lọ ni mo fẹ́ sọ. Kò sí irọ́ tí kò lè pa, bí wọ́n bá ṣáà ti máa pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọkùnrin yìí fẹ́ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ lórí ayélujára, níbi tí wọn yóò ti máa kọ́ nípa ìwà ẹranko. Pálọ̀ rẹ̀ ni gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì náà: tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan, ajá ńlá kan, àti odídẹrẹ́ ìyàwó rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ náà kò ju ẹyọ kan lọ: pé Ọlọ́run fi àṣẹ sí ojú ènìyàn, pé ẹni tó bá lè ranjú mọ́ ajá, bó ti wù kí ajá náà burú tó, yóò jókòó. Nínú àwọn fídíò tó fi ń polówó, yóò ranjú, ajá yóò sì jókòó pẹ̀sẹ̀. Ni wọ́n bá ń pè é ní Ọ̀gá Olójú-Àṣẹ.

Ohun tí kámẹ́rà kò rí ni ẹran bíbọ̀ tó wà lápò kóòtù rẹ̀. Kó tó tan kámẹ́rà, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò kúnlẹ̀ níwájú ajá, yóò sì máa bẹ̀ ẹ́: "Bàbá mi, jọ̀ọ́, jókòó. Má dójú tì mí. Ẹran ń bẹ lápò."

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan.

"Olówó orí mi, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ́ ajá ni, àbí ajá ló ń kọ́ yín? Èmi tí ẹ fẹ́ sílé, ẹ ò kúnlẹ̀ bẹ̀ mí rí o!"

"Fi ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sílẹ̀ fún onímọ̀."

"Mo gbọ́. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí ẹnì kan lọ fi ojú lásán ko ajá."

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tutù lẹ́nu rẹ̀ tó fi ṣẹ. Ọkùnrin yìí ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, aránṣọ, tó fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ dàgbà nígbà tí àwọn òbí wọn kú. Ajá aládùúgbò kan kì í jẹ́ kí obìnrin náà kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní àlàáfíà. Nítorí ẹ̀kọ́ àbúrò rẹ̀, obìnrin náà dúró lọ́jọ́ kan, ó ranjú mọ́ ajá náà. Ajá wo ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì yan ọwọ́. Ọ̀tún tó fi ń di àlùmọ́gàjí mú ló bù jẹ.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ wá kí i, ó bi í pé, "Àbúrò mi, kí ni mo ṣe tì?"

Olúwa ṣí ilẹ̀kùn ìrònúpìwàdà sílẹ̀ gbayawu fún ọkùnrin yìí níbẹ̀. Ó wo aṣọ tí wọ́n fi di ọgbẹ́ náà, ó sì ní:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣẹ́jú ni. Ojú yín ni kò le tó."

"Àní mo ṣẹ́jú lóòótọ́! Kí ọgbẹ́ yìí ṣáà san, màá tún gbìyànjú."

Àbúrò gbọ́ ọ, kò sì kìlọ̀ fún un. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́.

Ọjọ́ ìṣísílẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì pé. Ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún inú kọ̀ǹpútà bí hóró inú ìbẹ́pẹ. Ẹ̀gbọ́n jókòó sí pálọ̀ gẹ́gẹ́ bí àlejò pàtàkì, ó fi aṣọ gbé ọwọ́ kọ́rùn. Ọ̀gá ranjú, ajá jókòó, àtẹ́wọ́ sọ.

"Ẹ rí i pé n kò fún un ní nǹkan kan. Ojú lásán ni!"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Odídẹrẹ́ gbọn ìyẹ́, ó sì fi ohùn Ọ̀gá gan-an sọ̀rọ̀: "Bàbá mi, jọ̀ọ́, jókòó. Má dójú tì mí. Ẹran ń bẹ lápò."

Ajá mọ ọ̀rọ̀ yẹn dunjú. Ó fò mọ́ kóòtù, ó fa àpò ya, ẹran sì fọ́n káàkiri orí kọ̀ǹpútà àti ilẹ̀. "Bàbá mi, jọ̀ọ́, jókòó!" ni Ọ̀gá ń ké. "Bàbá mi, jọ̀ọ́, jókòó!" ni odídẹrẹ́ ń gbè é.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè, "ta ni ọ̀gá àgbà nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Ẹ jẹ́ kí odídẹrẹ́ máa bá ẹ̀kọ́ lọ," òmíràn dáhùn. "Òun nìkan ni kò purọ́."

Ẹ̀gbọ́n dìde. Ó fi ọwọ́ òsì ṣa ègé ẹran kan nílẹ̀, ó nà án sókè. "Jókòó." Ajá jókòó. Ó wá yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Èyí náà lo fi pamọ́ fún mi? Ègé ẹran?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò rí ọjọ́ kejì. Dòní olónìí, bí ọkùnrin náà bá wọ ọkọ̀, àwọn èrò á sún fún un: "Bàbá mi, jọ̀ọ́, jókòó." Àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ká mọ́, nítorí náà ọkùnrin yìí ló ń bá a gé aṣọ láràárọ̀. Bó bá gé e wọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í bú u. Yóò kàn ranjú mọ́ ọn ni, òun á sì tẹrí ba.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé. Ọlọ́run tó fi ẹnu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá wòlíì wí kò tíì ṣíwọ́ iṣẹ́. Irọ́ tí a pa láti gba àtẹ́wọ́ kì í mọ sára onírọ́ nìkan. Ẹni tó fẹ́ràn wa, tó sì gbà wá gbọ́, ni eyín irọ́ náà máa ń kọ́kọ́ bà. Ìwọ ńkọ́, ará mi? Kí ló wà lápò rẹ tí o kò fẹ́ kí wọ́n rí? Mo fi orúkọ Olúwa bẹ̀ ọ́, yọ ọ́ síta lónìí. Yí padà. Lọ bá ẹni tó gbà ọ́ gbọ́, kí o sì sọ òtítọ́ fún un, kó tó na ọwọ́ rẹ̀ sí ajá.