Ọkọ̀ Tó Wá Kó Tòmátì

Tòmátì ti pọ́n débi pé bí ọwọ́ bá kàn án, omi ló ń yọ. Ìyá olóko náà jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà oko rẹ̀, ó tẹjú mọ́ fóònù. Orí fóònù yìí ló ti yá owó irúgbìn, ibẹ̀ náà ló sì ti pe ọkọ̀ tí yóò kó ìkórè lọ sọ́jà. Bí tòmátì bá tún jẹrà bíi ti èṣí, kò sẹ́ni tí yóò yá a ní nǹkan kan mọ́.

Inú àwọn alágbàtà tó ń ra ọjà àgbẹ̀ lọ́pọ̀ kò dùn sí i pé àwọn àgbẹ̀ ń kó ìkórè wọn lọ sọ́jà láìgba ọwọ́ wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, jàǹdùkú wọn dènà de ọkọ̀ kan, wọ́n fọ́ dírẹ́bà lórí, wọ́n sì da ẹrù ata sí kòtò.

Dírẹ́bà tí ìyá náà pè ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù láàárọ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Mo ti ń bọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ó fojú mu fóònù yẹn tán o," ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń to apẹ̀rẹ̀ wí.

Àmì ọkọ̀ ń rọra bọ̀ lójú fóònù. Nígbà tó dé afárá, ó dúró. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ìyá náà pe dírẹ́bà, kò gbé e. Lójijì ni àmì náà gbéra, eré àsápajúdé ló sì ń sá.

"Wọ́n ti ká a mọ́! Mú àdá!" ni ìyá náà kígbe sí àbúrò rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì gbé ọkọ́.

Oko rẹ̀ ni ọ̀nà náà parí sí. Ọkọ̀ já wọlé, ó kọlu òpó ọgbà kó tó dúró. Dírẹ́bà bọ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti rin ẹ̀wù rẹ̀ gbingbin. Ohùn rẹ̀ ti há, kò jọ ti àárọ̀ mọ́. Ẹ̀rù a máa pa ohùn èèyàn dà.

"Ẹ gbà mí, wọ́n fẹ́ pa mí!"

"Bọ́ sẹ́yìn mi, ọmọ mi."

Ọ̀kadà kan ya wọlé, ọkùnrin méjì lórí rẹ̀, ọ̀kan mú irin dání. "Olè! Olè!" ni wọ́n ń pariwo.

"Olè wá ń pe olè!" ni ìyá náà fi dá wọn lóhùn.

Àbúrò rẹ̀ ṣá ẹni tó mú irin lápá. Onítọ̀hún ju irin sílẹ̀, ó kó sínú igbó, àbúrò gbá tẹ̀lé e. Ìkejì, ọ̀dọ́ tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ̀gbọ́n mi..."

Ọkọ́ ti gbéra, ó sì bà á lórí. Ìyá náà tún gbé e sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, títí ẹsẹ̀ onítọ̀hún fi dẹ́kun títa. Gbogbo tòmátì tó jẹrà léṣìí ló wà nínú apá rẹ̀.



"Ẹ ṣeun, Màmá," ni dírẹ́bà wí. Kò wo ilẹ̀. "Ẹ jẹ́ n lọ bọ́jú lódò." Ó gba ẹ̀yìn ọgbà lọ, ó ń yára.

Ìyá náà gbé apẹ̀rẹ̀ kan. Ó fẹ́ dì í sọ́kọ̀ kí àwọn jàǹdùkú yòókù tó dé. Ó fa ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣí.

Ọkùnrin kan dùbúlẹ̀ síbẹ̀, okùn lọ́wọ́, okùn lẹ́sẹ̀, orí rẹ̀ ti là, bí ó sì ti fa àkísà kúrò lẹ́nu rẹ̀, ojú ọkùnrin náà ré e kọjá lọ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Màmá, èmi ni dírẹ́bà tẹ́ ẹ pè, ta ló pa àbúrò mi?"