Kílọ́ọ̀ṣì Ọkọ̀ Tíṣà

Ẹsẹ̀-ò-purọ́ ni àwọn oníbàárà ń pe mekáníkì náà. Bí ọkọ̀ bá ní àìsàn kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ohun tí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ kó tó pààrọ̀ jíà, kì í kọ́kọ́ tú nǹkan kan. Á wọlé, á dijú, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á sì sọ ibi tó ń ṣe é. Ogún ọdún gbáko, kò ṣì í rí. Òun àti àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ni wọ́n jọ ni ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó níwájú: "Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ti ń ṣílẹ̀kùn géètì kí ìyàwó rẹ̀ tó pè é padà.

"Bàbá wọn, bàtà òsì yín dà?"

Ó wolẹ̀. Ẹyọ kan ló wọ̀ lóòótọ́.

"Ọkọ̀ tíṣà ló gbà mí lọ́kàn."

"Ẹ kúkú máa gbàgbé orí yín sílé lọ́jọ́ kan."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ó mu ife omi mẹ́ta lórí ìdúró, ó sì lọ.

Ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ tíṣà ń jò. Àbúrò ti rí ìdí rẹ̀: rọ́bà inú sílíńdà ìsàlẹ̀, ọ̀kan nínú irin méjì tí ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì ń gbà kọjá, ló gé, ó sì ti pààrọ̀ rẹ̀. Ó ku kí wọ́n lé afẹ́fẹ́ jáde, èèyàn méjì ló sì ń ṣe ìyẹn. Ẹnì kan á máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì lókè, ẹnì kejì á máa tú súkúrù nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè bá ọ́ìlì jáde.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́!" Àbúrò pariwo láti abẹ́ ọkọ̀.

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

Ó tú súkúrù. Ọ́ìlì kán tó, ó dá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀."

"Ó ti kanlẹ̀! Àbí ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Ọ̀sán pọ́n kí wọ́n tó ṣe é tán. Ẹ̀gbọ́n tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó fa jíà. Jíà ké.

"Òfìfo ni. Kò ti ẹsẹ̀ mi padà rárá. Irú rọ́bà wo lo rà?"

"Ojúlówó ni." Àbúrò fúnra rẹ̀ wọlé, ó wa ọkọ̀ náà yí ọgbà po lẹ́ẹ̀mejì. Jíà ò ké. "Ó dáa o."

"Ó dáa lójú tìẹ. Ọkọ̀ kẹta tó máa rí báyìí rèé lóṣù yìí."

Nígbà tí tíṣà dé, òun náà wà á, ó ní kò dáa tó báyìí nígbà tí òun rà á pàápàá. Ẹsẹ̀-ò-purọ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní tó bá já a kulẹ̀ níwájú tírélà, orúkọ ta ni yóò bàjẹ́? Tíṣà fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ di ariwo.

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹsẹ̀ mi ò purọ́ fún mi rí. Ìwọ lò ń purọ́. Ayédèrú lò ń kó sínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀."

"Èmi, Ẹ̀gbọ́n? Ẹ fi mí ṣe olè?"

"Kó irinṣẹ́ rẹ."

Àbúrò nu sípánà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sápò. Lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Ẹ bá mi sọ fún Màámi pé èmi kọ́ ni mo fi yín sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ẹsẹ̀-ò-purọ́ wọra, ṣùgbọ́n kò pè é. Ó gbé àkàbà, ó gun òkè, ó fi ọ̀dà dúdú pa "àti Àbúrò" rẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí àkàbà. Ó ní àkàbà náà ti bàjẹ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ti fi sílíńdà tuntun méjèèjì sí i, tòkè tìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bá a tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ló bá pe ìyàwó rẹ̀. Òun wọ abẹ́ ọkọ̀. Bí obìnrin náà ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ọ́ìlì tú jáde ṣùùù. Kò gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọkùnrin náà wọlé, ó dijú, ó tẹ̀ ẹ́. Òfìfo. Jíà ké. Ó gbórí lé sítíárìn, ó bú sẹ́kún.

"Mo ti lé ọmọ ìyá mi. Ta ni mo wá fẹ́ bá wí báyìí?"

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ìyàwó tẹ kílọ́ọ̀ṣì.

"Ó mà le o! Ó ń ti ẹsẹ̀ mi padà." Jíà wọlé jẹ́jẹ́.

"Irọ́ ni," ọkùnrin náà wí.

Ìyàwó fẹ́ dá a lóhùn, àmọ́ ó ṣèèṣì wo ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tò láti abẹ́ ọkọ̀ títí dé ibi tí ọkọ rẹ̀ dúró sí. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ òsì ọkọ rẹ̀ sókè. Ìṣó gígùn kan ti gba àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà wọ inú ẹsẹ̀, orí rẹ̀ nìkan ló kù síta.

"Yéè! Bàbá wọn, ìgbà wo lẹ tẹ ìṣó yìí?"

Ẹsẹ̀-ò-purọ́ wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ìṣó wo?"