Odò Tí Wọ́n Sọ Di Iyọ̀

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọkọ̀ oníyọ̀ ti máa ń gba Abúlé Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ kọjá, tí yóò da iyọ̀ sójú títì kí eruku má baà sọ lálá. Àwọn ewúrẹ́ á wá máa lá títì, Ìbíwùmí, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, á sì sọ̀kalẹ̀ lọ bu omi odò tó fẹ́ yẹ̀ wò. Ìwádìí tí yóò fi gba oyè ọ̀mọ̀wé nìyẹn.

Ilé Ìyá Mosúnmọ́lá ló ń gbé. Màmá yìí ń bọ́ ọ bí ọmọ, torí Ìbíwùmí ti ṣèlérí pé bí òun bá fi hàn pé iyọ̀ tí òjò ń gbá láti ojú títì ti ba odò jẹ́, ìjọba á dáwọ́ iyọ̀ dúró.

Ó fi hàn lóòótọ́, ó sì gboyè. Kò pẹ́ tí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí odò ká. Òfin ní omi tí iyọ̀ rẹ̀ bá ti pọ̀ jù kì í ṣe omi ará ìlú mọ́, ilé iṣẹ́ oníyọ̀ ló ni ín. Wọn ó máa sè é, wọn ó sì dá iyọ̀ rẹ̀ padà sójú títì.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ lé Ìyá Mosúnmọ́lá padà pẹ̀lú korobá rẹ̀. Ó bá Ìbíwùmí níbi tó ti ń di ẹrù.

“Ọmọ mi, ṣé irọ́ lo pa mọ́ odò wa ni?”

“Rárá mà. Òótọ́ ni mo kọ.”

“Ìbá sàn kó o parọ́. Omi oníyọ̀ náà là ń mu tẹ́lẹ̀. Kí la ó wá mu báyìí?”

Ọkọ̀ yunifásítì fọn fèrè níta. Ìbíwùmí gbé àpótí rẹ̀, ó sì lọ wọ ọkọ̀.